Pupa Kì í Ṣe Àṣìṣe

Lẹ́tà tí Enoch kọ sí Dádì mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi, bí wọ́n ṣe gbà á báyìí ni wọ́n fa bírò pupa yọ. Mo jókòó sí ọ̀kánkán wọn ní pálọ̀, mo ń wò wọ́n. Wọ́n ka ìlà kìíní, wọ́n fi òbírí yí ọ̀rọ̀ méjì ká. Wọ́n ka ìlà kejì, wọ́n tún fi òbírí yí mẹ́rin ká. Nígbà tí wọ́n máa fi kà á tán, kò sí ibi tí bírò pupa kò dé mọ́ lára lẹ́tà náà. Wọ́n kọ "7/20" sókè rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n ní kí n dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.

"Dádì, lẹ́tà ìtọrọ ni o. Kì í ṣe ìdánwò."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ìdí tí mo fi fún un ní méje nìyẹn."

Ẹ wò ó, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá bàbá yìí gbé, àmọ́ ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn ń sú mi ní ọ̀tun. Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni gbogbo Ìbà mọ̀ wọ́n sí. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n sì ti fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní fásitì tó wà ní Ìyànà-Ìbà. Bí wọ́n bá rí pátákó ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà tí kò ní àmì ohùn, wọ́n á dúró, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn pe ẹni tó ni ín jáde. Orúkọ Okokomaiko nìkan ló borí wọn. Títí di òní wọn ò tíì pinnu àmì tó yẹ kó wà lórí rẹ̀. Mọ́mì mi nìkan ló lè ní kí wọ́n dákẹ́, Mọ́mì sì ti di olóògbé láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó wá ku èmi.

Enoch ní tirẹ̀ kò fi àmì sórí ohunkóhun rí. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Bímpé, àbúrò Dádì, ni mo ti pàdé rẹ̀. Àǹtí ń tẹ̀wé, wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n sì ń di ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìyànà-Ìbà. Enoch ló ń bá wọn mójú tó kòmpútà. Lọ́jọ́ tí mo gbé iṣẹ́ àṣekágbá mi wá dì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojú ìwé kẹrìnlá ti sọnù. Mo ní irọ́ ni, kò sọnù. A jọ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Inú báàgì mi ló wà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn ní, "Sísítà, ẹ jókòó ná, ẹ ti rìn nínú oòrùn." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìwé tí màá gbé lọ dì.

Igbó-Elérin ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ará Ògùn ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ láti Okokomaiko, ìyá rẹ̀ jẹ́ ìyá ìjọ láàárín àwọn aláṣọ funfun. Nígbà tí mo dá lẹ́tà rẹ̀ padà fún un, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wo àwọn òbírí pupa náà.

"Sẹ̀gi, mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fẹ́yàwó gbọ́dọ̀ fi àmì sí i."

Mo rò pé yóò ya lẹ́tà náà. Kò ya á. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòmpútà rẹ̀, tòun ti bírò pupa tó wà lára rẹ̀.

Àǹtí Bímpé ló bá wa dá sí i. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kìíní, lẹ́yìn ìsìn, ni wọ́n wá sílé wa, wọn ò tilẹ̀ tíì tú gèlè.

"Bọ̀dá mi, ọmọ náà dáa. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lọ́dọ̀ mi, kò purọ́ fún mi rí."

"Kí ló kà?" ni Dádì bi wọ́n.

"OND ni. Àmọ́ kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa kòmpútà. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ."

"Ìjọ wo ló ń lọ?"

"Ẹ̀yin náà ti mọ̀."

"Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe?"

"Awakọ̀ ni wọ́n."

Dádì bọ́ awò ojú wọn. "Bímpé, mo lè gbójú fo gbogbo ìyẹn. Mi ò ní purọ́, kò rọrùn fún mi, àmọ́ mo lè gbójú fò ó. Ohun tí mi ò lè gbójú fò ni ẹni tó ń tọrọ ọmọ tí kò lè kọ orúkọ ọmọ náà. S-e-g-i-l-o-l-a. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìyá ọmọ yìí ló sọ ọ́ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ní ibi tí ohùn ti lọ sílẹ̀, ó ní ibi tí ó ti gòkè. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn, kí ló rí lára ọmọ mi?"

Bí Dádì ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ á máa bí èèyàn nínú, wọ́n á wá sọ ẹyọ kan tí yóò wọ èèyàn lára.

"Láyé àwọn bàbá wa," ni wọ́n tún wí, "ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó lè ṣiṣẹ́. Mi ò ní oko ní Ìbà. Oko mi nìyẹn."

Páálí mẹ́ta tó wà lẹ́yìn àga ni wọ́n nawọ́ sí. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ti wà kí n tó dáyé. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Èkìtì tí Dádì ti ń kọ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni. Níbi tí ẹlòmíràn ti ń sọ pé ilé, àwọn Èkìtì a ní ulé. Iṣu jẹ́ uṣu, igi jẹ́ ugi. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ rẹ̀, gbólóhùn àpẹẹrẹ kan, bẹ́ẹ̀ ló lọ títí, lórí bébà tó ti ń pọ́n. Àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn ní àwọn gbọ́dọ̀ rí i gbà kí Àjíǹde tó dé.

"Kí ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kòmpútà," ni Dádì wí, "àti àmì rẹ̀. Sẹ̀gilọlá náà á tẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí àwọn méjèèjì bá ṣe tán, a ó fi wéra, bí a ṣe ń máàkì ìwé ìdánwò. Ibi tí mi ò bá ti kọ àpẹẹrẹ sí, kí kálukú fi tirẹ̀ sí i. Bí ti ọmọkùnrin náà bá dáa, kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Bí kò bá dáa, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò sì fẹ́ rí òun àti ọmọ mi pọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí wọ́n má baà wo ti ara wọn."

Mo ní, "Dádì, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la jẹ́ ni?"

Wọ́n ti ń tú páálí.

Àǹtí Bímpé ló jẹ́ iṣẹ́ náà fún Enoch. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ padà wá bá mi, wọ́n ní ó gbà. Wọ́n tún ní ó ní kí n jẹ́ kí ìwé náà wà nínú Gííti. "Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo sì sọ pé ó yé mi," ni Àǹtí wí. "Kò yé mi. Ó ní igi kan ni, ẹ̀ka méjì."

Gííti yìí, ètò kan ni nínú kòmpútà tó ń rántí gbogbo àtúnṣe tí èèyàn bá ṣe sí ìwé. Ìwé kan náà ni, àmọ́ èèyàn méjì lè la ẹ̀ka méjì nínú rẹ̀, kí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀ láìba ti ẹnì kejì jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á da ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. Inú ẹ́dítọ̀, ìyẹn ètò tí a fi ń kọ̀wé, ni a ti lè rí gbogbo rẹ̀: mo lè wà nínú ẹ̀ka tèmi kí n ṣí ti Enoch, kí n kà á. Ìyẹn ni Dádì kò mọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ wa, wọn ò mọ̀ pé fèrèsé wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí mi ò ṣí i. Mo bẹ̀rù pé màá bá nǹkan burúkú níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ láìlámì bí ìgbà ti lẹ́tà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo mọ́kàn le, mo ṣí ẹ̀ka Enoch. Ẹnu yà mí. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kan tí àmì rẹ̀ ṣì. Ní ibi tí Dádì kò kọ àpẹẹrẹ sí, mo bá èyí:

*ulé (ilé): Ulé wọn wà ní Ìbà. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá lánàá, mi ò wọlé.*

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sáré yí i sí ìsàlẹ̀.

*ugi (igi): Ẹ̀ka méjì lè wà lára ugi kan.*

*uṣu (iṣu): Ìyá mi gún uṣu lọ́jọ́ Sátidé. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Àkànmú ló ń pè mí.*

Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti ń bá ọmọkùnrin yìí rìn, kò sọ oríkì rẹ̀ fún mi rí. Omi bọ́ lójú mi sórí kíbọ́ọ̀dù Dádì. Mo pè é ní kíbọ́ọ̀dù Dádì nítorí pé àwọn ni wọ́n fi ètò ìtẹ̀wé tiwọn sínú láptọ́ọ̀pù mi láti ọdún pípẹ́, wọ́n ní kí n má lo òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù yìí wà lọ́kàn yín.

Èmi náà kọ tèmi sínú ẹ̀ka mi. *Ulé: Ẹni tó gba iwájú ulé kọjá tí kò wọlé, ṣé kò lè súfèé ni?* Lọ́jọ́ kejì mo rí èsì rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní òun súfèé, bàbá mi ló yọjú. Mo rẹ́rìn-ín débi tí Dádì fi pè láti pálọ̀ pé kí ló dé. Mo ní ọ̀rọ̀ Èkìtì ló dùn mọ́ mi. Inú wọn dùn gan-an, ojú sì tì mí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ ní gbogbo oṣù kejì. Mi ò fojú rí i, àmọ́ mo mọ ìgbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá, mo mọ ìgbà tí bàtà rẹ̀ já ní Okokomaiko. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mi ò lè kọ àpẹẹrẹ sí: *àna*. Dádì kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù nígbà mẹ́wàá, mo gbé e kúrò. Mo yọjú wo ti Enoch, òfìfo ni tirẹ̀ náà.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbaná jẹ. A pàdé lójú ọ̀nà Igbó-Elérin, ìyá wà nínú aṣọ funfun, wọn ò wọ bàtà. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Mi ò bá ọ jà. Àmọ́ bi bàbá rẹ léèrè fún mi, ṣé àna ni wọ́n ń wá ni, àbí akọ̀wé? Àkànmú ò jẹun dáadáa mọ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ àná, ó ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni, kì í ṣe ohùn òkè. Èmi tí mo bí i."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń bẹ̀rù pé bí o bá dé ilé mi, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò máa tún ọ̀rọ̀ ṣe sí mi lẹ́nu."

Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ká máa wò ó.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ sí Àjíǹde. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Bímpé la ti fẹ́ fi iṣẹ́ méjèèjì wéra, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Dádì wọ agbádá. Enoch dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò ní kó jókòó, kò sì jókòó. Èmi ni mo ṣí ẹ́dítọ̀. Tí èèyàn bá ní kó fi ẹ̀ka méjì wéra, ojú ẹ́dítọ̀ á là sí méjì: ẹ̀ka àkọ́kọ́ lápá òsì, ẹ̀ka kejì lápá ọ̀tún. Ìlà tó bá jọra, kò ní àwọ̀. Ìlà tí kò bá jọra, ó ń kun ti òsì ní pupa, ó ń kun ti ọ̀tún ní àwọ̀ ewé. Mo fi Enoch sí òsì, mo fi èmi sí ọ̀tún. Mi ò ní ohun burúkú lọ́kàn, bó ṣe wá sí mi lọ́wọ́ ni.

Mo tẹ̀ ẹ́. Pupa bo gbogbo apá òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Dádì sún mọ́ ọn. "Ta ló ni ti òsì yìí?"

Mo yí ojú sí Enoch.

"Mo ní ta ló ni ín?"

"Èmi ni, sà," ni Enoch wí.

"Èyí tó dáa yìí wá jẹ́ tìrẹ, Sẹ̀gilọlá?"

"Dádì, pupa kì í ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe bírò. Ó kàn ń sọ pé ìlà méjèèjì kò jọra ni."

"Bí ẹni kan bá kọ ọ́ dáadáa, tí ti ẹnì kejì kò bá jọ tirẹ̀, kí ni ti ẹnì kejì? Mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

Ó wà níbẹ̀ gbàgàdà, mi ò lè fi pamọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé àádọ́ta ìlà. Ìlà tí kò ní àmì kankan, tí kò tó nǹkan, nìkan ló yè. Dádì wò ó títí, lẹ́yìn náà wọ́n dé fìlà wọn.

"Bímpé, bá mi sọ fún àwọn èèyàn ọmọ náà kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu."

Wọ́n jáde. Mo bá Enoch lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó mọ̀ pé pupa kì í ṣe àṣìṣe, òun ló kọ́ mi. Ohun mìíràn ló ń dùn ún.

"Sẹ̀gi, gbogbo ìlà. O tún gbogbo iṣẹ́ mi ṣe."

"Tún kí ni ṣe? Mi ò fọwọ́ kan tìrẹ."

"Báwo ni gbogbo ìlà ṣe yàtọ̀? Mo rí ẹ̀ka rẹ lójoojúmọ́, ó jọ tèmi. Àfi tí o bá padà tún tìrẹ tẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kí tèmi lè dà bí ohun tí kò dáa. Tí bàbá rẹ bá ti yí ọ lọ́kàn padà, ṣé o ò lè sọ fún mi ni?"

Inú bí mi débi tí mi ò fi mọ ohun tí mo sọ. Mo sọ pé ìwọ tí o ń kọ "Segilola" láìlámì lọ́dún tó kọjá, ta ló mọ ohun tí o tẹ̀ síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, ohùn Dádì gan-an ni. Enoch wọlé, ó yọ lẹ́tà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi í sí àpò, ó sì gba ọ̀nà bọ́ọ̀sì lọ.

Ọjọ́ márùn-ún la fi wà bẹ́ẹ̀. Àǹtí Bímpé ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní Enoch ní òun kò bínú. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé èmi náà ò bínú. Àǹtí ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò bínú yìí, ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan nínú yín bínú kí n lè rí nǹkan parí."

Mo gbé ẹ̀ka méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ẹ́dítọ̀, mo ń wò wọ́n láti àárọ̀. *Ọmọ* níhìn-ín, *ọmọ* lọ́hùn-ún. Ibo ni wọ́n ti yàtọ̀? Mo fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ọ̀kan náà ni. Kòmpútà ní kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo bá kòmpútà sọ̀rọ̀ tí mi ò ní lè tún sọ níbí. Nígbà tó yá, ó sú mi pátápátá. Mo ní gbogbo àwọn gbólóhùn dídùn tí mo kọ sí i, màá pa wọ́n rẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá parí sí *ọmọ*. Mo tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Kò pa lẹ́tà ọ rẹ́. Àmì abẹ́ rẹ̀ nìkan ló jábọ́. Ó ku *ọmo*.

Mo dá ọwọ́ dúró. Mo ṣí ti Enoch, mo lọ bá ìlà kan náà, mo tẹ ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Odidi ọ ló lọ. Ó ku *ọm*.

Mo tún un ṣe nígbà mẹ́fà kí n tó gbà á gbọ́. Ní tèmi, o ni kíbọ́ọ̀dù ń kọ́kọ́ tẹ̀, á wá gbé àmì sí abẹ́ rẹ̀, nǹkan méjì tí a so pọ̀. Ní ti Enoch, ọ ti bá àmì rẹ̀ wá láti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo. Ojú èèyàn ń wo ohun tó hàn, ọ̀kan náà ni. Kòmpútà ń wo bí a ṣe kó o jọ, méjì ni. Àṣìṣe kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì ìlà, ọjọ́ márùn-ún tí mi ò jẹun, ìyá Enoch tó ń dààmú ní Igbó-Elérin, kíbọ́ọ̀dù Dádì ló fà á.

Mi ò rán Àǹtí Bímpé mọ́. Mo wọ bàtà, mo lọ sí Ìyànà-Ìbà fúnra mi. Enoch ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. Mo gbé láptọ́ọ̀pù síwájú rẹ̀.

"Tẹ ìparẹ́," ni mo wí. "Lẹ́ẹ̀kan."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì jábọ́. Ó wò mí. Mo ṣí tirẹ̀ fún un, ó tẹ ìyẹn náà. Ó jókòó sórí páálí bébà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ló ń rín.

"Mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ," ni mo wí.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Tèmi burú jù."

"Ó burú jù lóòótọ́," ni Enoch wí, ó sún fún mi kí n jókòó. Àǹtí Bímpé wò wá láti ẹ̀yìn fọ́tòkọ́pì, wọ́n ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá, wọ́n sì bá tiwọn lọ láti ra nǹkan tí wọn ò nílò.

Ètò ìlà mẹ́rin péré ni Enoch kọ tó fi sọ gbogbo àmì méjèèjì di irú kan náà. A tún fi ẹ̀ka méjèèjì wéra. Láti ẹgbẹ̀rún méjì ó lé àádọ́ta, ó ku mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mẹ́tàdínlógójì nínú rẹ̀, àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ wa ni. Mẹ́sàn-án ló jẹ́ àṣìṣe gidi. Mẹ́rin ni ti Enoch. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó ni márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere la lọ bá Dádì nílé. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ rí nǹkan kan. Àǹtí Bímpé ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ń sọ pé a kì í fi ojú kan máàkì ìdánwò." Dádì jókòó. Mo ṣí ẹ́dítọ̀, àmọ́ mo pààrọ̀ àyè: mo fi èmi sí òsì, mo fi Enoch sí ọ̀tún.

"Kí ló dé tí tìrẹ náà fi pupa?" ni wọ́n bi mí.

"Mo pààrọ̀ àyè ni, Dádì. Ẹni tó bá wà lósì ló ń pupa. Mo sọ fún yín."

Mo fi ìparẹ́ hàn wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ ní tèmi, mo tẹ̀ ẹ́ ní ti Enoch. Dádì gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn títí ọ̀rọ̀ mẹ́rin fi parẹ́.

"Kíbọ́ọ̀dù ta ni èyí tó ń gé àmì kúrò lára ọ̀rọ̀?"

"Tiyín ni, Dádì."

Wọ́n wo àwọn àṣìṣe mẹ́sàn-án, wọ́n ka ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹnu, wọ́n fojú òkè awò wò mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ. Wọ́n kà á sókè, ní ohùn kíláàsì. *Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá lánàá, mi ò wọlé.* *Ṣé kò lè súfèé ni?* Enoch tẹjú mọ́ ilẹ̀. Dádì dé ibi tí ìyá Enoch ti gún uṣu, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà jẹ́jẹ́. Wọ́n ka mẹ́tàdínlógójì tán, wọn ò fi ọ̀kankan sílẹ̀, wọn ò sì tún àmì ẹyọ kan ṣe.

"Ibo ni àpẹẹrẹ *àna* wà?" ni wọ́n bi wá.

Ẹ́dítọ̀ kì í kun ohun tí ẹ̀ka méjèèjì bá jọra. Òfìfo ni tèmi, òfìfo ni ti Enoch, nítorí náà kò pupa, kò sì ní àwọ̀ ewé. Dádì ló lọ wá a fúnra wọn.

"Ta ló fi àyè yìí sílẹ̀?"

"Èmi ni, sà," ni Enoch wí.

"Èmi náà ni," ni mo wí.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù bà mí, sà. Mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́."

Dádì fa láptọ́ọ̀pù mọ́ra. Ìka méjì péré ni wọ́n fi ń tẹ̀wé, wọ́n á tẹ ọ̀kan, wọ́n á wá èyí tó kàn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe tán. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní kí Àǹtí Bímpé bá àwọn wá oúnjẹ fún àlejò, wọ́n sì wọ yàrá lọ láìbojú wẹ̀yìn. Èmi àti Enoch tẹ̀ síwájú, a kà á:

*àna: Àna mi, Àkànmú, ṣe ọ̀wẹ̀ fún mi, ó sì ṣe é yanjú.*

Enoch na ìka sí ọ̀rọ̀ *ọ̀wẹ̀*. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀. A ti tún gbogbo ìwé náà ṣe, àmọ́ a kò tíì yọ kíbọ́ọ̀dù Dádì kúrò nínú láptọ́ọ̀pù. O lọ́tọ̀, àmì lọ́tọ̀.

"Ti àtijọ́ ni," ni ó sọ kẹ́lẹ́. "Ká tún un ṣe?"

"Fọwọ́ kàn án," ni mo wí, "kí o wá rí ẹni tí o fẹ́ fẹ́."

Kò fọwọ́ kàn án. Ó da ẹ̀ka méjèèjì pọ̀, ó fi ìlà Dádì sílẹ̀ bó ṣe wà.